Bí A Ti Ń Ṣírò Eré àti Agbára Ọfà Ọdẹ

Ìbọn ti gba ipò ọrun lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà ọ̀pọ̀ ọdẹ ṣì ń fi ọrun pa àgbọ̀nrín. Ohun tí ó ń ba ọdẹ rere nínú jẹ́ ni ẹran tí ọfà bà tí kò wọlé tó: yóò sá wọ igbó lọ jẹ̀rora, ọdẹ yóò sì wá a títí kò ní í rí i. Nítorí náà ó yẹ kí ọdẹ mọ agbára ọfà rẹ̀ kí ó tó jáde nílé.

Eré ọfà ni a ń kọ́kọ́ wá. Ẹ̀rọ wà tí í wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n okùn ìwọ̀n lásán tó. Galileo ará Ítálì fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1638 pé ohun tí ń fò lọ síwájú ń já sílẹ̀ bákan náà bí òkúta tí a jọ̀wọ́ rẹ̀ láti ọwọ́. Kí ọdẹ gbé ìdì koríko gíga sí 60 ẹsẹ̀ bàtà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó fi àmì sí i ní ọ̀gangan gíga ọfà, kí ó sì ta á láìgbé orí rẹ̀ sókè, láìtẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Bí ọfà bá fi 4 ẹsẹ̀ bàtà rẹlẹ̀ sí àmì, ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá ni ó lò: eré rẹ̀ jẹ́ 120 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá jẹ́ 1 péré, eré rẹ̀ jẹ́ 240. Irú èyí wọ́pọ̀ fún ọrun onípúlì tí Holless Allen gba ìwé àṣẹ fún ní Amẹ́ríkà ní 1969. Títa á ní gbọọrọ ni ó ṣòro. Bí orí ọfà oní-30 ínṣì bá fi ìlàjì ínṣì péré ga ju ìdí rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ bàtà kan gbáko ni àṣìṣe yóò jẹ́. Kí ó ta á ní ìgbà mẹ́wàá, kí ó wá ìpíndọ́gba.

Lẹ́yìn náà, kí ó wọn ọfà ní áúnsì, kí ó fi eré sọ eré di púpọ̀, kí ó fi ìwọ̀n ọfà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó sì fi 1,024 pín in. Ọfà áúnsì 1 tí eré rẹ̀ jẹ́ 120 ní agbára 14, èyí tí ó lè gbé ẹrù pọ́n-ùn 14 sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí ọrun kan náà bá ta ọfà áúnsì 2, eré lè dín sí 95, síbẹ̀ agbára yóò ju 17 lọ. Nítorí ọfà wúwo ń gba lára agbára tí ìbá ṣòfò sínú igi ọrun àti ọsán. Ṣùgbọ́n ó ń rẹlẹ̀ kíákíá, nítorí náà ẹni tí ó bá yàn án gbọ́dọ̀ yọ́ súnmọ́ ẹran dáadáa kí ó tó ta á.