Iye Owó Àwòrán Ojú: Ti Ẹnì Kan àti Ti Ẹgbẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń kanra bí ayàwòrán bá pe iye tí yóò gbà. Wọn a wo bébà pélébé tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọn a sì béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tí ó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Lóde òní tí ó jẹ́ pé inú fóònù ni ọ̀pọ̀ àwòrán ń gbé, tí wọn kì í tilẹ̀ dé orí bébà mọ́, ìbéèrè náà tún le sí i. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọ̀bẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí iṣẹ́ kan fi wọ́n ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wọ inú iṣẹ́ náà.

Àwòrán tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni èyí tí a ń yà láti orí dé àyà, tí ẹni tí ń wá iṣẹ́, agbẹjọ́rò, òṣèré tàbí ilé iṣẹ́ fi ń fi ojú han àwọn tí kò rí wọn rí. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú fótò páásípọ́ọ̀tù. Òfin ni ó ń darí fótò páásípọ́ọ̀tù. Fótò orí bébà fún ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ga ní mìlímítà 45, kí ó sì fẹ̀ ní mìlímítà 35. Ti físà Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ jẹ́ ínǹṣì 2 ní gígùn àti ní fífẹ̀. Bí ó bá ti bá òfin mu, iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń wá lára àwòrán ojú ni pé kí ẹni tí ó bá wò ó lè sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹni yìí ṣe é fọkàn tán. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì.

Ọ̀ràn owó àwòrán kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1839 ni a fi ọgbọ́n tí Louis Daguerre fi ń yàwòrán han gbogbo ayé ní ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé. Orí abala bàbà tí a fi fàdákà bò ni àwòrán náà ń wà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò sì sí bí a ti lè tẹ ọ̀pọ̀ jáde lára rẹ̀. Ní ọdún 1854, ayàwòrán kan ní ìlú Paris kan náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Disdéri, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọgbọ́n tuntun kan, èyí tí a fi ń ya àwòrán kéékèèké bíi mẹ́jọ sórí awo dígí kan ṣoṣo. Níbi tí àwòrán ńlá kan ti ń gba 50 sí 100 fránńkì, ó ń ta kéékèèké 12 ní 20 fránńkì. Disdéri kò fi iṣẹ́ rẹ̀ tọrọ. Ńṣe ni ó pín ìnáwó kan sórí ọ̀pọ̀ àwòrán. Ọgbọ́n yìí kan náà ni ó wà nídìí iye tí ẹnì kan ń san àti iye tí ẹgbẹ́ ń san títí di òní.

Apá méjì ni owó ayàwòrán pín sí. Apá kìn-ín-ní ni ìnáwó tí kì í yí padà, ì báà ṣe ẹnì kan ni ó fẹ́ yàwòrán, ì báà ṣe ogún. Kámẹ́rà, iná, aṣọ tí a ń ta sẹ́yìn, owó ilé, owó ọkọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, àti wákàtí tí ó fi ń to gbogbo rẹ̀ wà nínú èyí. Apá kejì ni ìnáwó orí kọ̀ọ̀kan: àkókò tí ó fi ń yà á, tí ó fi ń ṣa èyí tí ó dára jù, àti tí ó fi ń tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà.

Ìmọ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ní owó tirẹ̀. Bí aláwọ̀ dúdú bá dúró níwájú ògiri funfun, tí a sì fi kámẹ́rà sílẹ̀ láti díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ògiri náà yóò tàn án jẹ: ojú ẹni náà yóò ṣókùnkùn ju bí ó ti rí lọ. Ayàwòrán tí kò mọṣẹ́ yóò gbìyànjú láti tún un ṣe lẹ́yìn náà, yóò sì sọ ẹni dúdú di apọ́n, tí àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá kò ní dá a mọ̀. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ dáradára yóò ti fi iná tún ọ̀ràn náà ṣe kí ó tó tẹ kámẹ́rà rárá.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ìṣirò yẹ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wò. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye wọ̀nyí, nítorí owó ọjà kì í dúró sójú kan. Ká ní ayàwòrán ń gba ₦20,000 lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá bá a ní sitúdíò. Bí ó bá ní láti kó iná rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan, yóò gba ₦60,000 fún ìrìn àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ, yóò sì gba ₦5,000 lórí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí olùkọ́ bá jẹ́ mẹ́ta, gbogbo owó yóò jẹ́ ₦75,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò san ₦25,000. Ìbá sàn kí wọ́n lọ sí sitúdíò. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ₦20,000 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀gbọọgba. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá, ó di ₦11,000. Bí wọ́n bá sì pé ọgbọ̀n, ₦7,000 péré ni. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí wà fún ẹgbẹ́ tí ó bá pa àkókò mọ́ nìkan. Bí olùkọ́ kan kò bá wá lọ́jọ́ náà, tí a sì ní kí ayàwòrán padà wá nítorí tirẹ̀, ìrìn àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ₦65,000 ni àwòrán ẹnì kan ṣoṣo náà yóò ná wọn.

Nítorí náà, kí a tó san owó, ó yẹ kí a béèrè ohun mẹ́rin: àwòrán mélòó ni a óò rí gbà? Ta ni yóò tún un ṣe, báwo sì ni? Ọjọ́ wo ni yóò jáde? Ǹjẹ́ ayàwòrán lè lò ó láti fi polówó iṣẹ́ rẹ̀? Ó sàn kí ìdáhùn wà nínú ìwé. Kò burú kí á dúnàádúrà, ṣùgbọ́n bí a bá já owó ayàwòrán wálẹ̀ títí kò fi lè ra epo, iṣẹ́ náà ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó sì gba àwòrán tí kò ṣe é fi ránṣẹ́ yóò tún wá ayàwòrán mìíràn lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sanwó ohun kan ṣoṣo.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín fótò páásípọ́ọ̀tù àti àwòrán ojú?
2. Ọ̀nà wo ni Disdéri gbà mú kí owó àwòrán wálẹ̀?
3. Bí olùkọ́ bá jẹ́ ogún nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, èló ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san?
4. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: "Ọ̀bẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á."