Èdè Tí Kọ̀ǹpútà Ń Gbọ́

Kọ̀ǹpútà kì í dá iṣẹ́ rò. Ohun tí a bá pa láṣẹ fún un ló ń ṣe. Bí àṣẹ náà bá wọ́, wíwọ́ ni iṣẹ́ náà yóò wọ́. Èdè tí a fi ń kọ àṣẹ wọ̀nyí pọ̀: Python wà, JavaScript wà, C wà. Èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mú? Bí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ mú JavaScript. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Python ni tèmi. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi lè fi kọ ohun kan tó ń ṣiṣẹ́.

Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló ṣe Python, ó sì gbé e jáde ní 1991. (Kì í ṣe orúkọ ejò ló fi sọ ọ́ o. Àwọn aláwàdà orí tẹlifíṣàn kan ní Ìlú Ọba, Monty Python, ló fi sọ ọ́.) Ẹ wo ìlà méjì yìí:

owó = 1500
print(owó * 4)

Ìlà kìíní fi 1500 sábẹ́ orúkọ kan, owó. Ìlà kejì ní kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kí ó fi èsì hàn. Ẹ ó rí 6000. Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní 2008 ló ti ń gba àmì ohùn wa nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má kàn kà á kọjá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Python fúnra yín. Fóònù Android náà tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́: ẹ yọ àmì ohùn kúrò lórí owó ti ìlà kejì. Èsì á yí padà. Báyìí ni ìlà ìkẹyìn rẹ̀ yóò ṣe bẹ̀rẹ̀:

NameError: name 'owo' is not defined

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ kò ju pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ owo. Lókè ọ̀rọ̀ yẹn, ó tún kọ nọ́ńbà ìlà tí àṣìṣe wà. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ tún un ṣe. Bí ìlà ìkẹyìn náà kò bá yé yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Google bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Àfàìmọ̀ kí ẹlòmíràn má ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ kọ iye tí ẹ ra àpò ìrẹsì kan àti iye tí ẹ tà á. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yọ èrè. Àmì ìyọkúrò ni -.