Ìyá Àjàyí: Ìdílé Kan tí Ogun Fọ́n Ká

Ọjọ́ kan péré ni ogun fi í fọ́ ìlú, ṣùgbọ́n a kì í fi ọjọ́ kan tún ìlú ṣe. Ẹni tí ó bá gun òkè ní agbègbè Òkè-Ògùn lónìí, tí ó sì wo ọ̀dàn tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, oko iṣu àti oko ẹ̀gẹ́ ni yóò rí, pẹ̀lú igi ẹmi àti igi igbá láàárín wọn. Kò ní tètè rò pé ilẹ̀ tí ó dákẹ́ báyìí ti gbọ́ igbe ogun rí. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ Ilé ń rẹ̀ sílẹ̀, ogun jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ìlú tú. Àwọn ará ibẹ̀ sì di ìsáǹsá tàbí ẹrú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn ìdílé kan ṣoṣo wò nínú wọn, kí a lè mọ ohun tí ogun lè bà jẹ́, àti ohun tí kò lè bà jẹ́. Ìdílé náà ni ti Àfàlá, ìyá Àjàyí, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Òṣóògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni ilé wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí àwọn obìnrin ti ń se oúnjẹ òwúrọ̀ lọ́wọ́, ariwo ta pé ogun dé. Àwọn Fúlàní, àwọn Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́, àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olúwa wọn ni ó kó ara wọn jọ sínú ogun náà. Baba Àjàyí sáré wá sílé, ó ní kí aya àti ọmọ sá àsálà, òun tìkára rẹ̀ sì padà sí ojú ìjà. Àjàyí kò tún fi ojú kàn án mọ́ láéláé. Ó bá ogun mìíràn lọ lẹ́yìn náà. Àfàlá kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó sá wọ igbó. Ọmọ-ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan wà lára wọn. Níbẹ̀ ni ọwọ́ ogun ti tẹ̀ wọ́n, a sì fi okùn so wọ́n mọ́ra, a ń dà wọ́n lọ bí ẹní da ewúrẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, a pín wọn bí a ti í pín ẹrù. Àjàyí àti arábìnrin rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ olórí ogun. Ìyá wọn àti ọmọ-ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ náà gan-an ni a fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ó tún padà rí ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún yà wọ́n nípá. A ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì tà á fún àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Sàró.

Ní Sàró, ọmọ tí kò ní baba, tí kò sì mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà, bẹ̀rẹ̀ ayé ní ọ̀tun. Ó kọ́ ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá, ọdún 1825, a ṣe ìrìbọmi fún un. Ó fẹ́ Àsánò, ẹni tí òun náà ti bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú, tí a sọ ní Susan. Ní ọdún 1843 a fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lè sọ fún un bóyá ìyá rẹ̀ wà láàyè.

Àfàlá wà láàyè. Kò sí ọkọ̀ tí ó wá gba òun sílẹ̀. Ìfaradà ni ó fi la ìpọ́njú já, títí ó fi tún rí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Wọ́n tẹ̀dó sí ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Abàká, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́òkúta pàápàá, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé ni ó tẹ̀ ẹ́ dó lábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ gẹ́gẹ́ bí olórí wọn.

Àjàyí dé Àgbádárìgì ní oṣù Kínní ọdún 1845. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ kú, ọ̀nà kò sì ṣí fún àwọn oníwàásù láti wọ Abẹ́òkúta títí di ọdún 1846. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìyá arúgbó kan wá bèèrè rẹ̀. Àfàlá ni. Ọdún 25 ti kọjá. Ìyá àti ọmọ di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń dà, ọ̀rọ̀ kò sì lè jáde. Lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìgbà èwe pè é. Àgbà ní, bí omi bá dànù, tí agbè kò bá fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn. Baba ti lọ, ilé Òṣóògùn ti di ahoro, ṣùgbọ́n agbè kò fọ́.

Ẹ kíyèsí ohun kan níhìn-ín. Àjàyí kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé, nítorí a ti rí ara wa, ìwọ yóò gba ìgbàgbọ́ mi lónìí. Ọdún kan àti oṣù márùn-ún lé díẹ̀ ni ó kọjá kí a tó ṣe ìrìbọmi fún Àfàlá, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì, ọdún 1848. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì. Ó wà lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ tí a ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí ogun ti fi ipá gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ kò yẹ kí a tún fi ipá fún ní ìgbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Àjàyí ṣe nígbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní etí odò Ọya: ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ó fi ń bá àwọn Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó fọ́ ìlú rẹ̀. Kò fi ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ-ogun kan di ẹrù lé orí gbogbo ẹlẹ́sìn.

Ohun kan sì wà tí kò sí ẹni tí ó lè rí gbà lọ́wọ́ Àjàyí, àní nínú ọkọ̀ ẹrú: èdè tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni aṣáájú nínú ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tí ó parí ní ọdún 1884. Ìwé Yorùbá tí ẹ ń kà lónìí jẹ nínú ogún náà.

Àfàlá kú ní Èkó ní ọdún 1883. Kí ó tó kú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ Abigail ti bí Herbert Macaulay ní ọdún 1864, ẹni tí ó di akọni nínú ìṣèlú Nàìjíríà. Ìdílé tí a fi okùn so ní ẹ̀bá Òṣóògùn ti di igi tí ẹ̀ka rẹ̀ gbòòrò.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọ tí ogun lé wá sí àárín yín, ẹ má ṣe wo aṣọ tí ó ya lára rẹ̀ nìkan. Ẹ fún un ní àyè, ẹ fún un ní sùúrù, ẹ má sì fi èdè rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Kò sí ẹni tí ó wo Àjàyí ní ọjọ́ tí a fi í pààrọ̀ ẹṣin, tí ó lè mọ ohun tí yóò dà.

Ìbéèrè

1. Kí ni ogun gbà lọ́wọ́ ìdílé Àfàlá, kí sì ni kò lè gbà?
2. Kí ni ó mú kí Abẹ́òkúta jẹ́ ibi tí ìsáǹsá lè fi ṣe ilé?
3. Ṣàlàyé òwe "Bí omi bá dànù, tí agbè kò bá fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn" gẹ́gẹ́ bí a ti lò ó níhìn-ín.
4. Kọ àròkọ lórí: "Bí ó ti yẹ kí a gba àlejò tí ogun lé kúrò nílé."