Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: BÍ ṢẸ́Ẹ̀TÌ ÀTIJỌ́ ṢE DI BÙBÁ

Ka àyọkà yìí dáadáa, kí o sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e.

Aṣọ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ohun tí ènìyàn ń lò. Aṣọ ni a fi ń bo ìhòòhò, òun ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ òtútù àti oòrùn, òun náà ni ó sì ń fi iyì ènìyàn hàn láwùjọ. Nítorí náà, àwọn baba ńlá wa kì í fi aṣọ ṣòfò.

Ní ayé àtijọ́, orí òfì ni àwọn ọkùnrin ti ń hun aṣọ òkè. Aṣọ náà máa ń jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ínṣì 4 lọ. Wọn yóò wá rán ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀ kí ó tó fẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Ta ni yóò hun irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tán tí yóò máa gé e dànù? Ìdí nìyí tí bùbá fi rí bí ó ti rí. Igun mẹ́rin ni ara rẹ̀ ní, igun mẹ́rin náà ni apá rẹ̀ ní. Ọrùn nìkan ni a ń gé ní róbótó. Èyí tí ó ń ṣẹ́kù sílẹ̀ kì í tó nǹkan.

Nígbà tí ó yá, aṣọ inú ẹ̀rọ dé. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní ọdún 1960, Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti dá àgbègbè ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Ilé iṣẹ́ aṣọ Nigerian Textile Mills, tí ó wà ní ojú ọ̀nà Ọba Akran, gbajúmọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ òkèèrè pọ̀ lọ́jà, iná mànàmáná kò sì dúró déédéé. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ ní orílẹ̀-èdè wa ṣe kógbá wọlé. Èyí tí ó wà ní Ọba Akran náà dá iṣẹ́ dúró. Aṣọ òkìríkà gba ìgboro kan, ọjà Kàtáńgówà ní ìhà Agége sì di olókìkí nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ọjà nìkan ni a ti ń rí aṣọ. Nígbà mìíràn, inú àpótí bàbá ẹni ni ó wà.

Ní àdúgbò kan ní Agége, ọmọbìnrin kan tí ó wà ní ìwé karùn-ún fẹ́ wọ bùbá lọ sí ọjọ́ àṣà ní ilé ìwé wọn. Owó aṣọ tuntun kò sí, nítorí pé wọ́n ti dín òṣìṣẹ́ kù níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá mú ṣẹ́ẹ̀tì gbàgìẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan jáde, èyí tí ó máa ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Ọrùn rẹ̀ ti já, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì ti gbó. Ó ní, “Gbé e lọ fún ìyá aránṣọ. Ẹ má jẹ́ kí ó bàjẹ́ o. Òun nìkan ni ó kù.”

“Ẹ káàsán mà. Bàbá mi ní kí ẹ bá mi fi èyí rán bùbá.”

Ìyá aránṣọ na ṣẹ́ẹ̀tì náà sí oòrùn. “Káàsán, ọmọ mi. Wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ yìí. Ó ti gbó, a kò ní lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì le dáadáa.”

“Ṣé kí n gbé àlùmọ́gàjí wá, mà?”

“Rárá o! Tépù ni kí o kọ́kọ́ gbé wá. Aṣọ tí a kò tíì gé, a lè tún un wọ̀n. Èyí tí a bá ti gé kò ṣe é dá padà.”

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí:

1. Wíwọ̀n. Àyà ọmọ náà jẹ́ ínṣì 26. Bùbá kì í fún mọ́ni lára, nítorí náà wọ́n fi 8 kún un, ó di 34. Wọ́n pín in sí méjì fún iwájú àti ẹ̀yìn, ó di 17. Wọ́n fi ínṣì 1 kún un fún ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó di 18. Gígùn tí wọ́n fẹ́ jẹ́ ínṣì 18. Wọ́n fi ààbọ̀ ínṣì kún un fún èjìká, àti ínṣì 1 fún etí ìsàlẹ̀.

2. Gígé. Wọ́n fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n sì lọ̀ ọ́. Wọ́n gé kọ́là àti apá rẹ̀ kúrò. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára rẹ̀, wọ́n sì gé iwájú kan àti ẹ̀yìn kan. Wọn kò tú àpò àyà rẹ̀, nítorí pé oòrùn kò dé abẹ́ àpò. Bí a bá tú u, ojú ibẹ̀ yóò dúdú ju ìyókù lọ.

3. Apá. Wọ́n tú ojú rírán apá ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n sì gé apá bùbá láti òkè, níbi tí kò tíì gbó. Ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 14, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 11.

4. Rírán. Wọ́n rán èjìká ní ínṣì 6 ní ọ̀tún àti ínṣì 6 ní òsì, wọ́n fi 6 sílẹ̀ láàárín fún ọrùn. Wọ́n rán apá mọ́ èjìká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ́ aṣọ náà po, wọ́n sì rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ẹnu apá dé ìsàlẹ̀.

5. Ọrùn. Wọ́n gé e ní róbótó, ínṣì 3 ní iwájú, ínṣì 1 ní ẹ̀yìn. Wọ́n gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ láti igun dé igun aṣọ tí ó ṣẹ́kù, nítorí pé aṣọ tí a gé bẹ́ẹ̀ máa ń fà, wọ́n sì fi í gbá etí ọrùn náà. Wọ́n rán ojú bọ́tìnnì pa, àfi méjì òkè, kí orí lè wọlé. Níkẹyìn, wọ́n ṣẹ́ etí apá àti etí ìsàlẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà wọ̀ ọ́ dé ilé, bàbá rẹ̀ wò ó títí. Ó fi ìka kan àpò àyà náà, ó ní, “Ibí yìí ni bíìrò mi máa ń wà.” Ọmọ náà dáhùn pé, “Tèmi ni yóò máa wà níbẹ̀ báyìí, sà.” Bàbá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe kánjú sọ aṣọ nù. Èyí tí ó gbó ní ọrùn lè má tíì gbó ní ẹ̀yìn.

Ọ̀RỌ̀ TUNTUN
òfì: ohun èlò tí a fi ń hun aṣọ
òkìríkà: aṣọ àlòkù tí a kó wá láti òkèèrè
àlùmọ́gàjí: ohun èlò tí a fi ń gé aṣọ
ojú rírán: ibi tí a ti rán aṣọ méjì pọ̀
kógbá wọlé: dá iṣẹ́ dúró pátápátá

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìdí tí bùbá fi ní igun mẹ́rin?
2. Sọ ohun méjì tí ó mú kí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ kógbá wọlé.
3. Kí ni ìdí tí ìyá aránṣọ fi na ṣẹ́ẹ̀tì sí oòrùn?
4. Kí ni ìdí tí wọn kò fi tú àpò ṣẹ́ẹ̀tì náà?
5. Bí àyà ọmọ mìíràn bá jẹ́ ínṣì 30, ínṣì mélòó ni ìbú iwájú bùbá rẹ̀ yóò jẹ́ kí a tó rán an?
6. Ṣàlàyé òwe yìí: “Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.”

IṢẸ́ ṢÍṢE
Fi ìwé ìròyìn àtijọ́ gé iwájú, ẹ̀yìn àti apá bùbá kékeré kan. Fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí o sì mú un wá sí kíláàsì.