Ìbọn Ìléwọ́ Àtijọ́ àti ti Òde Òní: Ìtàn Wọn àti Adùn Yíyìn Wọn

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ìbọ́n ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú ìbọn sí òun?" Apátí ni irin ìdí ìbọn tí ń mú un dún, ìbọn tí kò bá ní in kò sàn ju igi lọ. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dúró kí a na irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sí òun. Ní pápá tí a ti ń fi ìbọn ta àmì lóde òní, òfin àkọ́kọ́ tí a ń kọ́ ẹni tuntun kò yàtọ̀ sí òwe yìí: ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀.

Ìbọn ìléwọ́, ìyẹn ìbọn kékeré tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé kí ó sì fi yìn ín, ni iṣẹ́ yìí dá lé. Èrò wa ni pé adùn tí àwọn tí ń fi í ṣe eré ìdárayá ń rí nínú rẹ̀ kò sí nínú ariwo tàbí agbára rẹ̀. Ìkóra-ẹni-níjàánu tí ó ń béèrè ni adùn náà wà, ìbọn àtijọ́ ni ó sì fi èyí hàn jù lọ.

Láti orí òkúta dé orí ike

Àwọn ìbọn ìṣáájú ń lo okùn tí iná ń jó lórí rẹ̀. Ta ni yóò ki irú rẹ̀ bọ àpò? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn ará Yúróòpù ṣe èyí tí kẹ̀kẹ́ irin kékeré ń họ òkúta nínú rẹ̀ láti ta iná, ìgbà náà ni ẹlẹ́ṣin tó lè gbé ìbọn tí a ti kì sílẹ̀ káàkiri. Owó rẹ̀ pọ̀, àwọn ọlọ́lá ló ń rà á. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e ni ìbọn olókùúta gba ipò rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa mọ̀. Gígùn àti kúkúrú ló yà wọ́n.

Àlùfáà ìjọ kan ní Scotland, Alexander Forsyth, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó fẹ́ràn láti máa pa ẹyẹ, ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ a máa rí iná tí òkúta ta, wọn a sì fò lọ kí ọta tó dé. Ní 1807, ó gba ìwé àṣẹ fún ìbọn tí ń lo èròjà tí ń bú gbàù bí a bá ti lù ú. Láti ara èyí ni a ti rí ìdérí bàbà kékeré tí a ń fi sí ìdí ìbọn. Samuel Colt gba ìwé àṣẹ ti Amẹ́ríkà ní 1836 fún ìbọn tí ihò ọta rẹ̀ ń yí po. Ní 1911 àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba èyí tí John Browning ṣe, tí ń fi agbára ìyìn kan gbé ọta mìíràn wọlé fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó di 1982, Glock ti ilẹ̀ Austria gbé èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ ike jáde, tí ó ń gba ọta 17.

Kíkì àti yíyìn

Ẹni tí ó bá fẹ́ yin irú ìbọn tí Colt ṣe ní 1851 kò lè kánjú. Yóò wọn ẹ̀tù dúdú sínú ihò kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbé ọta òjé róbótó lé e lẹ́nu. Ọta náà tóbi ju ihò lọ díẹ̀. Bí ó bá ti fi ọ̀pá abẹ́ ìbọn tì í wọlé, ẹnu ihò yóò gé òrùka òjé tín-ínrín kúrò lára rẹ̀. Òrùka yìí ni àmì pé ọta ti dí ihò pinpin. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ọ̀rá bò ó, kí iná ihò kan má baà ràn mọ́ òmíràn. Ìdérí bàbà ni ó ń gbẹ̀yìn.

Bí ó bá yìn ín, èéfín funfun yóò bo àmì mọ́ ọn lójú, òórùn imí ọjọ́ yóò sì gba afẹ́fẹ́. Ní ti olókùúta, àkókò bíńtín wà láàárín fífà àti dídún; ẹni tí ó bá ń retí ìró náà yóò ti mi ọwọ́ kí ọta tó jáde. Ìbọn òde òní a máa bo àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀ nítorí yíyára rẹ̀. Olókùúta kì í bò ó. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀gbin ẹ̀tù dúdú ń fa ọ̀rinrin, ìpẹtà a sì bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ tí ó ti gbàgbé láti fọ ṣakabùlà rẹ̀ rí mọ ohun tí à ń wí.

Nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn ìbọn tí a ń kì báyìí, ìyìn 13 ni a ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú 30, a ó sì ka 10 tí ó dára jù. Nínú ìdíje ìbọn òde òní kan ní Òlíńpíìkì, ìyìn márùn-ún ni a ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Nínú ìdíje àwọn ayára-yìn yìí ni Károly Takács, ọmọ ogun ilẹ̀ Hungary, ti gba wúrà ní London ní 1948 àti ní Helsinki ní 1952. Ọwọ́ òsì ló fi yìn ín. Àdó olóró ti ba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ní 1938, ó sì tún yíyìn kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. A kò tíì rí àpẹẹrẹ tí ó fi hàn jù èyí lọ pé sùúrù ni olórí nínú eré yìí.

Dunblane àti òfin

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, 1996, ọkùnrin kan wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Dunblane, ní Scotland, ó sì pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Ìbọn ìléwọ́ mẹ́rin ló gbé lọ, òfin ló sì fún un láyè láti ní wọn. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ́ olùkọ́ kò lè ka èyí bí ìtàn lásán.

Òfin méjì tí Bìrìtéènì ṣe ní 1997 gba ìbọn ìléwọ́ òde òní lọ́wọ́ ará ìlú, àfi ní Northern Ireland. Èyí tí wọ́n dá padà lé ní 160,000. Ó dun àwọn tí ń fi í ṣeré, a kò sì ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n lójú tiwa, eré kò tó ohun tí a ń gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú kíláàsì àwọn ọmọdé. Àṣẹ pàtàkì ni wọ́n fi ṣe ìdíje Òlíńpíìkì ti 2012 ní London. Òfin náà fi ìbọn ìléwọ́ tí a ń ti ẹnu kì sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní ìwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ sì padà sí ìdí ẹ̀tù dúdú.

Nàìjíríà gba ọ̀nà mìíràn. Òfin ìbọn ti 1959 fi ìbọn ìléwọ́ sí ara àwọn tí a kà léèwọ̀, títí kan olókùúta àti onídèérí bàbà. Ṣakabùlà ọlọ́pàá gígùn wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, ìwé àṣẹ ni ó ń béèrè. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀rọ̀ bí i kì, ẹ̀tù, ọta àti apátí, ọ̀dọ̀ ọdẹ tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí ó mú wọn lọ, kí ọdẹ náà sì kọ́kọ́ fi hàn wọ́n pé kò sí ẹ̀tù nínú ìbọn.