Kọ́bọ́ọ̀dù Tó Já Lára Ògiri

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Káfíńtà, Harobanda, ní Niamey, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ó ra kọ́bọ́ọ̀dù ara ògiri méjì tí èèyàn ń tò fúnra rẹ̀, ó ní owó oníṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ó lu ògiri, ìyẹ̀fun aláwọ̀ eérú jáde, ó ní sìmẹ́ǹtì ni. Ó ki pulọ́ọ̀gì ike bọ̀ ọ́, ó fi síkúrù dè é. Kò pẹ́ tí ọ̀kan já lulẹ̀ tòun ti àwo mi. Èkejì ṣì wà lókè, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì ń forí gbárí. Kí ni ká ṣe? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, a kú àdánù àwo. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà nínú èkejì sílẹ̀ lónìí, kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ má bínú sí bàbá ìbejì. Ògiri ló tàn án jẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ní Niamey ni wọ́n fi bánkò kọ́, amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko tí wọ́n sì sá sóòrùn, kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀. Semi-dur ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ eérú yẹn, ti sìmẹ́ǹtì ojú ògiri ni. Kí ó tún lu ihò kan níbi kọ́lọ́fín, kí ó tẹ́ bébà sábẹ́ rẹ̀, kí ó máa wo àwọ̀ ohun tó ń bọ́. Bó bá di pupa, tó kúnná bí èlùbọ́, amọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ eérú títí tí dírílì fi já sínú òfìfo lójijì, búlọ́ọ̀kù oníhò ni, ìyẹn sì ní pulọ́ọ̀gì tirẹ̀ tó ń la apá nínú.

Ohun líle ni pulọ́ọ̀gì ike ń fẹ̀ mọ́ kó tó dúró. Amọ̀ gbígbẹ ń rún ni, ihò rẹ̀ á sì máa fẹ̀ sí i nígbàkigbà tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn. Ẹnì kan á ní kí ẹ da sìmẹ́ǹtì sí i. Sìmẹ́ǹtì yẹn àti pulọ́ọ̀gì á kàn jọ yọ lódindi ni. Mi ò bú amọ̀ o. Amọ̀ ni ilé gogoro mọ́sálásí Agadez, ó sì ga tó mítà 27, igi yọ jáde lára rẹ̀ yíká. Inú amọ̀ tútù ni wọ́n ti mọ igi yẹn mọ́ ọn, wọn ò dúró kó gbẹ tán.

Tèmi ni pé kí ilẹ̀ gbé ẹrù yẹn. Ẹ ra igi tó lágbára lọ́jà Katako, ẹ gbé méjì nàró sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, láti ilẹ̀ dé òkè rẹ̀, ẹ fi méjì dábùú, kí ẹ sì de kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ igi ìdábùú. Iṣẹ́ ògiri ò ní ju pé kó má jẹ̀ẹ́ kó dojú bolẹ̀. Bí ẹ̀yìn ògiri bá jẹ́ àgbàlá yín, ẹ ki ọ̀pá irin onínọ́ọ̀tì kọjá sí òdìkejì, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ fífẹ̀ tì í níbẹ̀. Ikán wà o: ẹ gbé ẹsẹ̀ igi lé táìlì, kí ẹ fi àyè ìka kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ lè rí ọ̀nà wọn bí wọ́n bá ń gòkè.

Ní ti ilẹ̀kùn, àpótí ló lọ́. Ògiri ò gún, bí ẹ bá sì ń fún síkúrù títí, àpótí á tẹ̀ lé ògiri. Ẹ tú ilẹ̀kùn, ẹ na okùn méjì láti igun dé igun lójú àpótí. Níbi tí wọ́n ti kọjá ara wọn, ó yẹ kí wọ́n kan ara wọn fẹ́rẹ́. Bí àlàfo bá wà tàbí tí ọ̀kan ń ti èkejì, ẹ dẹ síkúrù, ẹ ki pláìwúùdù tínrín sẹ́yìn níbi tó jìn. Ẹ dá ilẹ̀kùn padà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù ìnjìsì: ọ̀kan ń ti ilẹ̀kùn sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń tì í síwá sẹ́yìn. Ẹ fi mìlímítà 3 sáàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, nítorí pákó tó sún kì nígbà ọyẹ́ á wú nígbà òjò.

Èyí tó já yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù. Bó bá jẹ́ pákó MDF ni, kì í di síkúrù mú dáadáa lẹ́ẹ̀kejì nínú ihò kan náà, nítorí náà ẹ sún ihò tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n ìka méjì.