Iṣẹ́ Agégẹdú, Iṣẹ́ Àjogúnbá

Ìlọrin jẹ́ ìlú tí iṣẹ́ àjogúnbá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ayébáyé. Ní àwọn agbo ilé kan, aṣọ òfì ni wọ́n ń hun. Ní ibòmíràn, bí i Dàda, àwọn obìnrin ni wọ́n ń mọ ìkòkò, tí ìyá sì ń fi iṣẹ́ náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ìpatà, àdúgbò tí òkìkí ọjà rẹ̀ kàn, tí a sì mọ̀ mọ́ iṣẹ́ alápatà láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ alápatà kì í ti inú ìwé mọ oríkèé tí ọ̀bẹ ń gbà. Ẹ̀gbẹ́ baba rẹ̀ ni ó dúró sí tí ó fi mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ tí ojú ń rí tí ọkàn kì í rò. Ohun náà ni igi. Orí igi ni alápatà ń gé ẹran sí. Igi ni òpó ìsọ̀. Igi ni àga tí ìyá aláta jókòó lé. Igi ni ó gbé páànù orí ilé dúró. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ Ìlọrin, igi ńláńlá kò sì pọ̀ níbẹ̀ bí ó ti pọ̀ nínú igbó kìjikìji tí ó wà ní ìhà gúúsù, ní ilẹ̀ Oǹdó, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ilẹ̀ Ẹdó. Láti inú irú igbó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pákó líle ti ń wá. Kí pákó kan tó dé ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹnì kan ti kọ́kọ́ dúró ní ìdí igi kan, ó sì ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ẹni náà ni agégẹdú.

Gẹdú ni orúkọ tí àwọn Yorùbá ń pe igi ńlá tí a gé fún pákó lílà. Ìrókò, ọ̀gànwó, arère, afàrà àti apá wà lára àwọn igi tí a ń gé bẹ́ẹ̀. Ìrókò lè ga tó mítà 50. Ẹni tí ó bá fẹ́ bi irú igi bẹ́ẹ̀ ṣubú kò lè gbẹ́kẹ̀ lé agbára nìkan. Ọgbọ́n ni ó gbọ́dọ̀ fi ṣe é, ọgbọ́n náà sì ni baba máa ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ agégẹdú a kọ́kọ́ máa ru omi àti oúnjẹ lọ sínú igbó. Lẹ́yìn náà, yóò kọ́ bí a ti ń pọ́n àáké àti bí a ti ń fi ayé pọ́n eyín ayùn. Yóò máa ṣán ìdí igi fún àwọn àgbà, títí ọjọ́ tí wọn yóò fi fún un ní igi kékeré kan láti dán ara rẹ̀ wò. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ jù lọ ni ẹ̀kọ́ wíwò.

Nítorí pé kí agégẹdú tó fi irin kan igi, yóò yí i ká, yóò sì gbé ojú sókè. Yóò wo ibi tí igi fì sí. Yóò wo apá ibi tí ẹ̀ka ti wúwo jù. Yóò wá ẹ̀ka gbígbẹ tí ó lè já lu ènìyàn lórí. Yóò wo bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kò ní í gbàgbé ìtàkùn, nítorí ìtàkùn a máa so igi kan mọ́ èkejì. Bí èyí bá ń ṣubú, ó lè fa tọ̀hún lulẹ̀. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwa yòókù ń pa òwe yìí nínú ilé. Agégẹdú ń fi í ṣiṣẹ́ nínú igbó.

Lẹ́yìn èyí, yóò ṣán ìdí igi mọ́ tónítóní, yóò sì la ọ̀nà tí yóò gbà sá. Ọ̀nà náà kò gbọdọ̀ wà ní ẹ̀yìn igi gangan, nítorí ìdí igi a máa ta nípàá bí ẹṣin nígbà tí ó bá ń ṣubú. Apá ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn ni ó yẹ kí ó gbà. Gbogbo ẹni tí kò ní iṣẹ́ ní ìdí igi gbọ́dọ̀ jìnnà sí i, ó kéré tán, ní ìlọ́po méjì gíga igi náà.

Nígbà náà ni yóò la ẹnu sí ara igi ní apá ibi tí ó fẹ́ kí ó wó sí. Ẹnu náà kì í sábà jìn ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú igi lọ. Yóò wá lọ sí òdìkejì, yóò sì máa fi ayùn rẹ́ ẹ bọ̀ wá síwájú, ní ibi tí ó ga díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ẹnu náà lọ. Ṣùgbọ́n kì í rẹ́ ẹ já. Yóò ṣẹ́ apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan kù ní àárín. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ìdè ń ṣe lára ilẹ̀kùn: òun ni ó di igi mú, tí ó sì ń darí rẹ̀ sí ibi tí a ti pinnu. Bí aláìmọ̀kan bá rẹ́ ìdè yìí já, igi ti di ọba ara rẹ̀. Ibi tí ó wù ú ni yóò wó sí.

Nígbà mìíràn, igi kì í dé ilẹ̀. Yóò há sára igi mìíràn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí igi bá wó lu igi, tòkè ni a kọ́kọ́ ń gbé. Òwe ìfẹ̀sọ̀ṣe ni fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n òfin ìyè àti ikú ni fún agégẹdú. Ẹni tí ó bá kánjú gé igi ìsàlẹ̀ nígbà tí igi kejì ṣì fẹ̀yìn tì í, orí ara rẹ̀ ni ó ń gé e lé. Kò yani lẹ́nu pé Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ka iṣẹ́ igbó mọ́ àwọn iṣẹ́ tí ó léwu jù lọ.

Ní ìgbà àtijọ́, àáké àti ayùn ọlọ́wọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ìdí igi bá ga tí ó sì fẹ̀ bí ògiri, wọn a fi ọ̀pá kọ́ pèpele yí i ká, wọn a sì dúró lórí rẹ̀ gé igi. Igi kan ṣoṣo lè gba odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí, ayùn onẹ́ńjìnnì ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan láàárín wákàtí díẹ̀. Ó dín làálàá kù, ṣùgbọ́n kò dín ewu kù. Ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ nígbà tí igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Àwọn baba ńlá gbà pé Olúwéré ń gbé inú ìrókò, nítorí náà wọn a máa ṣe ètùtù kí wọ́n tó fi àáké kàn án. Yálà ènìyàn gba èyí gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́, ohun kan dájú: ẹni tí ó ní láti ṣe ètùtù kí ó tó gé igi kan kò lè gé ogún igi ní ọjọ́ kan. Ìbẹ̀rù a máa dáàbò bo igbó.

Nígbà tí ìjọba dé, òfin dúró sí ipò ìbẹ̀rù. Ní 1899 ni wọ́n dá igbó ọba sílẹ̀ ní Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ní 1925, igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú di igbó ọba pẹ̀lú. Agégẹdú gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Igi tí kò tíì tóbi tó ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀ kò ṣeé gé. Olùṣọ́ igbó a sì máa fi òòlù lu àmì sára gẹdú àti sára kùkùté rẹ̀, kí a lè mọ̀ pé ọ̀nà ẹ̀tọ́ ni a gbà gé e. Ní 1976, ìjọba Nàìjíríà ka fífi odindi gẹdú ránṣẹ́ sí òkèèrè léèwọ̀.

Síbẹ̀, igi ń tán. Ọ̀pọ̀ igbó ni ó ti di oko kòkó àti ìlú, ọ̀pọ̀ ni a sì ń wọ̀ lóru gé láìgba àṣẹ. Ilẹ̀ ọ̀dàn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Igi líle kan wà tí ó ń hù ní irú ilẹ̀ Kwara, tí àwọn oníṣòwò òkèèrè ń pè ní kosso. Láàárín ọdún díẹ̀, a gé e púpọ̀ lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà débi pé, ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó pàdé ní Johannesburg fi í sí abẹ́ òfin tí ń ṣọ́ òwò igi àti ẹranko tí ó wà nínú ewu. Bákan náà ni àwọn kan ń sun igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí di èédú. Ìyá ń ti ara igi náà jẹun lọ́dọọdún. Ẹni tí ó sun ún jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn agégẹdú ti le. Alápatà lè jogún ọ̀bẹ fún ọmọ rẹ̀, nítorí màlúù a máa bí màlúù láàárín ọdún díẹ̀. Ìrókò kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó tó gé, ó sì ṣòro láti gbìn, nítorí kòkòrò kan a máa ba ewé ọ̀dọ́ rẹ̀ jẹ́, tí yóò sọ ọ́ di kókó. Igi tí ó wà ní kékeré nígbà ayé baba ńlá ni ọmọ-ọmọ ń gé. Nítorí náà, ẹni tí ó fi àáké sílẹ̀ fún ọmọ tí kò fi igi sílẹ̀ fún un, irin lásán ni ó fi sílẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kò pamọ́. Àwọn ìjọba gbin tíìkì àti gmelina sínú àwọn igbó ọba kan, nítorí pé wọ́n tètè ń dàgbà. Ìwọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba ipò gbogbo igi àbáláyé. Agégẹdú tí ó gbọ́n a máa fi igi tí ó ń so èso sílẹ̀ kí ó lè tún irú bí. A máa wo ibi tí igi ńlá yóò wó sí kí ó má ba à fọ́ àwọn ọ̀dọ́ igi tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ìran kan kò gbọdọ̀ dá a jẹ tán. Ọgbọ́n àti gé igi dára, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àti mọ èyí tí a kò gbọdọ̀ gé ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà lè di àjogúnbá.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí a fi kọ́kọ́ mẹ́nu kan ọjà Ìpatà nínú àyọkà tí ó dá lórí iṣẹ́ igbó?
2. Ṣàlàyé iṣẹ́ tí apá tẹ́ẹ́rẹ́ tí agégẹdú ń ṣẹ́ kù lára igi ń ṣe.
3. Pa òwe méjì tí ó jẹ mọ́ igi nínú àyọkà yìí, kí o sì sọ ìtumọ̀ wọn nínú igbó àti nínú ilé.
4. “Irin lásán ni ó fi sílẹ̀.” Kí ni ìtumọ̀ gbólóhùn yìí?
5. Kọ àròkọ lórí iṣẹ́ àjogúnbá kan ní ìlú rẹ, kí o sì sọ ohun tí ó lè mú kí ó parun.